Ọkọ̀ Ìgbòkun tí A Kàn ní Bódìjà

Òórùn réésìnì, oje tí wọ́n fi ń lẹ fáíbà, ló máa ń kọ́kọ́ pàdé mi lẹ́nu géètì ilé náà ní Bódìjà, kí n tó rí ẹnikẹ́ni. Ó máa ń ta síni nímú bí ike tí iná ń jó, ó sì máa ń bá mi wọ takisí padà sí Òkè Àdó, débi pé àǹtí tí mò ń gbé lọ́dọ̀ wọn máa ń ní kí n bọ́ aṣọ iṣẹ́ sẹ́yìnkùlé kí n tó wọlé. Títí dòní, bí mo bá ń kọjá ní Challenge níbi tí wọ́n ti ń fi fáíbà lẹ bọ́ńpà mọ́tò, tí òórùn yẹn bá ta sí mi, ọwọ́ mi á tutù, màá sì yára kọjá. Àwọn ọdún tí ṣọ́jà ń ṣèjọba ni mò ń sọ, láàárín ọdún 1990 sí 2000, nígbà tí bẹntiróòlù wọ́n bí ojú, tí wọ́n ń ṣí yunifásítì lóṣù yìí, tí wọ́n á tún tì í lóṣù tó tẹ̀ lé e. Nínú ìnira yẹn ni àwa mẹ́ta kan wà lẹ́yìnkùlé kan ní Ìbàdàn, níbi tí òkun ò sí, tá à ń kan ọkọ̀ ojú omi.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni mí nígbà náà. Mo ti jáde ní pọ́lì, iṣẹ́ yíyàwòrán ilé ni mo kọ́, ilé iṣẹ́ àwọn akọ́lé kan ní Ring Road sì ti gbà mí, kí iṣẹ́ tó gbẹ lọ́wọ́ wọn, tí wọ́n ní kí gbogbo àwa tá a dé kẹ́yìn máa lọ sílé. Mo máa ń gbé páìpù tí mo ká bébà àwòrán sí lé èjìká bí ọdẹ tó gbé ìbọn, bí ẹnì kan nínú takisí bá sì bi mí pé ṣé ẹnjiníà ni mí, mi ò ní sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, mi ò sì ní sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ohun tí mo fi ń yangàn jù ni pé ìlà mi máa ń tọ́, lẹ́tà mi sì máa ń rí bí èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀. Ó dá mi lójú pé ohun tó bá mọ́ lójú bébà kò lè níṣòro níbòmíì. Àwọn àgbà ní àìmọ̀kan, àìmọ̀kàn ní ń mú èkúté ilé pe ológbò níjà. Ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi kan náà ni àǹtí mi àti ìyàwó Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ni ilé Bódìjà náà jọ ń lọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ̀rọ̀ mi, tí wọ́n fi ní kí n wá.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ti fẹ̀yìn tì nígbà náà. Òkè Ògùn ni wọ́n ti wá, ìlú tí wọ́n ti ń jí lọ pọn omi ní ibi tó jìnnà nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, bóyá ìyẹn ló fà á tí omi fi gbà wọ́n lọ́kàn tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń kàwé nílẹ̀ òkèèrè, ìlú etí òkun ni wọ́n gbé, wọ́n sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń tu ọkọ̀ ìgbòkun níbẹ̀. Ní gbogbo ọdún tí wọ́n fi ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ, wọ́n ń fi pẹ́ńsù ya ọkọ̀ kan sínú ìwé ńlá kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti fàya. Kì í ṣe ọkọ̀ apẹja, kì í sì í ṣe ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì. Atẹ́gùn ni yóò máa tì í. Gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rìnlélógún, wọ́n sì fẹ́ kó fúyẹ́ débi pé kò ní máa la omi kọjá bí àwọn ọkọ̀ tó wúwo, ńṣe ni yóò máa fò lójú omi. Wọ́n fẹ́ fi bá àwọn ọkọ̀ ìgbòkun mìíràn díje lórí ọ̀sà l'Ékòó ní àsìkò Àjíǹde. Síbẹ̀, wọ́n tún fẹ́ kí ibùsùn mẹ́rin àti ibi ìdáná wà nínú rẹ̀, kí àwọn àti ìyàwó wọn lè máa gbé inú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Ẹṣin eré ìje ni, ilé sì tún ni.

Iṣẹ́ tèmi ni pé kí n fi gègé da gbogbo àwòrán inú ìwé yẹn kọ sórí bébà tó mọ́, kí n sì tún un yà nígbàkigbà tí nǹkan bá yí padà. Ọ̀jọ̀gbọ́n fi sùúrù ṣàlàyé ọkọ̀ náà fún mi. Wọ́n ní irin pẹlẹbẹ kan máa yọ nísàlẹ̀ rẹ̀ bíi lẹbẹ ẹja, òjé tí wọ́n yọ́ á sì wà ní ìdí lẹbẹ náà. Bí atẹ́gùn bá fẹ́ ti ọkọ̀ ṣubú, òjé yẹn ló máa fà á dìde padà. Nínú ọkọ̀, lókè ibi tí lẹbẹ náà ti so mọ́ ọn, igi ìdábùú méje ló máa gbá nọ́ọ̀tì àti bóòtù rẹ̀ mú, bí egungun ìhà ṣe ń di àyà èèyàn mú. Wọ́n fi ìka kan igi kọ̀ọ̀kan nínú àwòrán bí wọ́n ṣe ń kà á. Mo mi orí bí ẹni tó gbọ́ ọ yé. Lóòótọ́, ohun tí mò ń wò ni bí ìlà pẹ́ńsù wọn ṣe wọ́, àti bí tèmi ṣe máa tọ́ ju tiwọn lọ.

Bàbá Káfíńtà ni ẹnì kẹta wa. Ọmọ Ìlàjẹ ni wọ́n, etí òkun ni wọ́n bí wọn sí. Wọ́n ti kan ọkọ̀ púpọ̀ ní ìgbà èwe wọn kí wọ́n tó tẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n wọn wá sí Ìbàdàn, tí wọ́n wá ń kan ibùsùn àti kọ́bọ́ọ̀dù fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Àgbówó. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ rí pákó pẹlẹbẹ tí a fẹ́ fi ṣe ara ọkọ̀ náà, wọ́n fi ìka méjì gbé etí rẹ̀ sókè, wọ́n sì wo Ọ̀jọ̀gbọ́n.

"Ọ̀gá, ṣé èyí náà ni?"

"Òun ni, Bàbá. A máa fi fáíbà bò ó nínú àti lóde. Kì í ṣe ìwúwo ni agbára."

"Mo gbọ́, sà," ni Bàbá Káfíńtà dáhùn. "Òkun ni ò mọ̀wé."

Ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Èmi náà rẹ́rìn-ín nítorí pé ọ̀gá mi ń rẹ́rìn-ín. Bàbá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Nǹkan bí oṣù mẹ́jọ la fi ṣe é. Ọkọ̀ náà ga sókè lẹ́yìnkùlé láàárín igi máńgòrò àti táńkì omi, àwọn ará àdúgbò a sì máa yọjú lókè ògiri. Àwọn ọmọlẹ́yìn Krístì nínú wọn á ní ọkọ̀ Nóà ni, àwọn mùsùlùmí á ní ti Ànábì Nuhu ni, gbogbo wọn á sì jọ béèrè bóyá ìkún omi ti ń bọ̀. Màmá, ìyàwó Ọ̀jọ̀gbọ́n, kì í fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣeré. Nọ́ọ̀sì àgbà ni wọ́n jẹ́ kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, omi sì ń dẹ́rù bà wọ́n. Àwọn ọmọ wọn ti lọ sókè òkun, àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ wọn ní yunifásítì ti ṣí lọ sí Sáúdí àti Amẹ́ríkà, ilé náà wá dákẹ́ bí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ajé. Wọ́n rí i pé ọkọ̀ yìí nìkan ló ń mú ọkọ wọn jí láàárọ̀. Nítorí náà, wọn ò sọ pé àwọn ò ní wọ̀ ọ́. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n ń béèrè fún àwọn nǹkan tó máa mú un jọ ilé. Wọ́n ní ibi ìdáná kéré jù. Wọ́n ní kí táńkì omi mímu tóbi sí i. Wọ́n ní ibùsùn àwọn gbọ́dọ̀ jìnnà sí ẹnu ọ̀nà. Gbogbo rẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n ń gbà, ṣùgbọ́n ohun tí Màmá bá fi kún lókè, Ọ̀jọ̀gbọ́n á wá ibi tí wọ́n ti máa dín in kù nísàlẹ̀. Wọ́n á ní kí Bàbá fá igi yìí díẹ̀ sí i, kí wọ́n gbẹ́ inú tọ̀hún kó fẹ́lẹ́. Lójoojúmọ́ ni ọkọ̀ náà ń kún, lójoojúmọ́ náà ló sì ń fẹ́lẹ́. Ara mi ò fẹ́ gbà á, àmọ́ ta ni mí?

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan ni mo tún ìsàlẹ̀ ọkọ̀ náà yà nítorí ibi ìdáná tuntun. Igi ìdábùú méjì nínú méje bọ́ sábẹ́ ibi ìdáná yẹn, ìlà tó gé wẹ́wẹ́ ló sì yẹ kí n fi ya wọ́n lábẹ́ rẹ̀. Mo gbàgbé. Bó ṣe rí gan-an nìyẹn, kò sí ẹ̀mí èṣù kankan níbẹ̀. Mo kọ lẹ́tà orí rẹ̀ dáadáa, mo fi rúlà wo etí rẹ̀, mo gbé e fún Ọ̀jọ̀gbọ́n, wọ́n wò ó pẹ́, wọ́n sì fọwọ́ sí i. Nígbà tí bébà náà dé ọwọ́ Bàbá Káfíńtà, wọ́n pè mí.

"Sìsí Ayàwòrán, méje ni mo rántí. Márùn-ún ni mo rí níbí. Ṣé ó ti di márùn-ún ni?"

Mo gbọ́ ìbéèrè náà bí ẹni tí wọ́n bú. "Ohun tó bá wà nínú bébà ni kí ẹ ṣe, Bàbá," ni mo wí, mi ò tiẹ̀ na ọrùn wò ó.

Wọ́n ṣe ohun tó wà nínú bébà. Ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n da fáíbà lé e, ó sì gan.

Nǹkan bí oṣù kan lẹ́yìn rẹ̀ ni mò ń palẹ̀ tábìlì mi mọ́, tí bébà àtijọ́ bọ́ sábẹ́ ti tuntun, tí mo sì rí méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà nítorí oòrùn ojú fèrèsé tó ń là wọ́n kọjá. Mo ka iye igi ìdábùú inú wọn lẹ́ẹ̀mẹta. Ìyà ń jẹ ọkàn mi bí mo ṣe ń kà á. Mo ká bébà àtijọ́ náà, mo tì í sínú páìpù mi, mo gbé e lọ sílé, mo sì fi sábẹ́ ibùsùn. Mo sọ fún ara mi pé lọ́la ni màá sọ. Ọ̀la di ọ̀túnla. Ọyẹ́ dé, ọyẹ́ lọ. Mo rò pé bí mo bá sọ ọ́, wọ́n á ní kí wọ́n tú gbogbo ilẹ̀ ọkọ̀ náà, wọ́n á sì mọ̀ pé ọwọ́ mi ò péye. Ohun tí mò ń dáàbò bò kò ju orúkọ rere lójú èèyàn mẹ́ta lọ.

Lọ́ọ̀rì tó ń kó igi láti ọjà pákó Bódìjà ló gbé ọkọ̀ náà lọ sí adágún Eléyẹlé, kí a lè fi omi tó dákẹ́ dán an wò kí ó tó di ti Èkó. Àwọn èèyàn ń pa àtẹ́wọ́ ní Sángo bí a ṣe ń kọjá. Nígbà tí wọ́n fi ṣéènì gbé e sókè, mo rí i tí lẹbẹ náà mì díẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, bí eyín ọmọdé tó ń mì. Mo wo ojú Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ayọ̀ kún ibẹ̀. Mo wo ojú Bàbá. Ojú wọn wà níbi tí tèmi wà.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ dára púpọ̀. Afẹ́fẹ́ díẹ̀ ló ń fẹ́, aṣọ ìgbòkun funfun náà kún, ọkọ̀ náà sì yọ̀ lọ lójú omi láìdún, débi pé àwọn apẹja dá àwọ̀n wọn dúró. Ọ̀jọ̀gbọ́n di ìtọ́kọ̀ mú, wọ́n ń kọrin ìsìn lábẹ́lẹ̀. Mi ò rí i kí inú ẹnikẹ́ni dùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí a padà sí èbúté, Bàbá ṣí pákó ilẹ̀ kan, wọ́n fi ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ọwọ́ wọn sì jáde pẹ̀lú omi. Kò pọ̀, kò tó ife méjì.

"Omi tí kò gba ẹnu ọ̀nà wọlé," ni Bàbá sọ fún mi jẹ́jẹ́. "Sìsí, bí ohun kan bá wà tó yẹ kí ọ̀gá mọ̀, sọ ọ́ fún wọn."

Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ọjọ́bọ̀ ni. Mo mú bébà àtijọ́ náà kúrò lábẹ́ ibùsùn, mo sì gbé e lọ sí Bódìjà. Ọ̀jọ̀gbọ́n wà nídìí tábìlì wọn, wọ́n ń rán etí aṣọ ìgbòkun.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ti ń fi pamọ́ fún yín."

Wọn ò gbé ojú sókè. "Ọ̀rọ̀ igi ìdábùú ni?"

Mo na bébà àtijọ́ náà sí wọn.

"Mo ti rí i láti ọjọ́ tí o gbé bébà náà fún mi," ni wọ́n wí. "Mo kọ́kọ́ fẹ́ pè ọ́ padà. Nígbà tí mo wá ṣírò ohun tó dín kù nínú ìwúwo rẹ̀, mo ní kó máa bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ mi, àṣìṣe rẹ ṣe wá lóore."

"Bàbá ní omi ń wọlé, sà."

"Ọkọ̀ tuntun a máa mu omi díẹ̀. Tí igi bá wú, á dí i. Gbàgbé ẹ̀. O ò ṣe nǹkan kan tó burú."

Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn mí jù nìyẹn, mo sì fẹ́ sọ ọ́ bó ṣe rí: ara tù mí. Àyà mi balẹ̀ bí ẹni tí wọ́n tú nídè. Mo rí eyín tó ń mì lábẹ́ ọkọ̀ yẹn, mo rí omi lọ́wọ́ Bàbá, ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀bi ti kúrò lọ́rùn mi, mi ò béèrè ibi tí ewu lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo sọ fún Bàbá Káfíńtà pé ọ̀gá mọ̀ nípa rẹ̀.

"Wọ́n mọ̀?"

"Wọ́n ti mọ̀ tipẹ́."

Bàbá nu ojú ránńdà tí wọ́n fi ń fá pákó, wọ́n tì í sínú àpò. "Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ," ni wọ́n wí.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, a padà sí Eléyẹlé. Màmá náà bá wa lọ, wọ́n gbé ìrẹsì àti adìyẹ dání nínú kúlà. Ọ̀jọ̀gbọ́n ti ṣèlérí pé tí àwọn bá yí adágún náà po lẹ́ẹ̀kan, àwọn á wá gbé Màmá kí wọ́n lè jẹun ọ̀sán lórí omi. Ojú ọ̀run mọ́, àfi apá ìlà oòrùn tó dúdú bí ìdí ìkòkò. Oòrùn mú gan-an, kò sí ewé kan tó mì. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní irú ọkọ̀ tó fúyẹ́ báyìí, ara èèyàn ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n lójú atẹ́gùn. Wọ́n nílò wa méjèèjì láti jókòó sí etí rẹ̀. Mo wọlé. Bí mo bá kọ̀, a jẹ́ pé mo mọ ohun kan. Bàbá Káfíńtà náà wọlé. Mo bi wọ́n lábẹ́lẹ̀ pé ṣé ẹ̀rù ò bà wọ́n ni. Wọ́n ní níbi tí wọ́n ti bí àwọn, ẹni tó bá kan ọkọ̀ kì í jẹ́ kí ẹlòmíì nìkan gbé e wọ omi.

Ẹ̀wù méjì tí kì í jẹ́ kéèyàn rì ló wà. Ọ̀jọ̀gbọ́n fúnra wọn ló wọ ọ̀kan fún mi, wọ́n so okùn rẹ̀ lọ́rùn mi bí ìyá ṣe ń so bọ́tìnnì ọmọ rẹ̀. Wọ́n na èkejì sí Bàbá, Bàbá ní kí Ọ̀jọ̀gbọ́n fúnra wọn wọ̀ ọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n jù ú sórí ibùsùn nínú ọkọ̀.

A wà láàárín adágún náà nígbà tí ìjì àkọ́rọ̀ dé. Àwọn ẹyẹ ló kọ́kọ́ lọ. Lẹ́yìn náà ni ojú omi yí padà láti apá ibi tó dúdú yẹn, ó ń bọ̀ wá bá wa bí ẹni tó ń ká ẹní. Ọ̀jọ̀gbọ́n pariwo pé kí Bàbá tú okùn aṣọ, Bàbá sì ti ń tú u kí wọ́n tó parí ọ̀rọ̀. Atẹ́gùn náà bà wá lẹ́ẹ̀kan. Ọkọ̀ náà dẹ̀gbẹ́, ó fẹ́ dìde, mo rí i tó fẹ́ dìde lóòótọ́ bí Ọ̀jọ̀gbọ́n ṣe máa ń sọ pé yóò ṣe. Ìgbà náà ni mo gbọ́ ìró kan lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Kò pariwo. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn bá fi orúnkún ṣẹ́ ìrèké.

Ọ̀jọ̀gbọ́n gbọ́ ọ. Wọ́n wò mí, kì í ṣe ìwò ìbínú.

"Lẹbẹ ti lọ," ni wọ́n wí.

Ọkọ̀ náà dojú dé. Mi ò mọ̀ bí mo ṣe jáde lábẹ́ rẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé omi kún imú mi, òjò ń na orí mi, ẹ̀wù náà sì ń fà mí sókè bí ọwọ́ ẹnì kan. Bàbá di ìdí ọkọ̀ tó dojú dé náà mú, wọ́n ń pe ọ̀gá, wọ́n ń pe ọ̀gá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n mòòkùn láti wá ọ̀gá. Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ̀jẹ̀ ń jáde nímú wọn nígbà tí wọ́n yọ. Ní èbúté, mo rí Màmá, ẹni tí omi ń dẹ́rù bà, tí wọ́n wọ inú omi dé àyà, àwọn obìnrin méjì sì ń fà wọ́n padà.

Àwọn apẹja ló kó wa. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n rí Ọ̀jọ̀gbọ́n lábẹ́ aṣọ ìgbòkun, okùn ti wé mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ wọn. Ọkùnrin tó gbé wọn wá sílẹ̀ ṣí fìlà. Ó ní, "Òmùwẹ̀ ní ń bómi lọ," ó sì yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Bàbá Káfíńtà di irinṣẹ́ wọn, wọ́n sì padà sílùú wọn. Wọn ò sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni, mi ò sì rí wọn mọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ni Màmá ránṣẹ́ pè mí. Ilé náà mọ́ tónítóní. Wọ́n jókòó sínú pálọ̀ pẹ̀lú aṣọ dúdú, wọn ò fi omi lọ̀ mí, èyí tí kò ṣẹlẹ̀ rí.

"Ẹnjiníà kan tí Ọ̀jọ̀gbọ́n kọ́ níwèé wo àwókù ọkọ̀ náà. Ó ní igi méjì kò sí níbi tó yẹ kó wà. Ó ní ọkọ mi ò lè ya irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ìwọ lo yà á?"

"Èmi ni, mà. Mo gbàgbé wọn."

"Ṣé ọkọ mi mọ̀?"

Mo wo ilẹ̀. Mo rí i bí wọ́n ṣe gbé kúlà oúnjẹ náà dání lọ́jọ́ yẹn. Bí mo bá sọ òtítọ́, ohun tí màá sọ ni pé ọkọ wọn mọ̀, wọ́n sì fẹ́ gbé Màmá wọ inú rẹ̀ lọ jẹun ọ̀sán.

"Rárá, mà," ni mo wí. "Wọn ò mọ̀."

Màmá wò mí títí. Wọ́n ní, "Ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mo fi bá ọkùnrin yẹn gbé. Bí mo bá gbé ṣíbí kan kúrò níbi tó wà, ó máa mọ̀." Wọ́n na ọwọ́, wọ́n di ọwọ́ mi mú, ọwọ́ wọn tutù. "O ò mọ irọ́ pa, ọmọ yìí."

Omijé bọ́ lójú mi. Mo la ẹnu láti sọ̀rọ̀, wọ́n mi orí.

"Jẹ́ kó wà bí o ṣe sọ ọ́," ni wọ́n wí. "Àwọn ọmọ rẹ̀ ń bọ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀."

Ó yé mi. Wọn ò bẹ̀ mí, wọn ò sì pàṣẹ. Mo ní mo gbọ́, mà. Bí mo ṣe jáde ní géètì yẹn, mo ti di ọmọbìnrin tí àwòrán rẹ̀ pa Ọ̀jọ̀gbọ́n, gbogbo Bódìjà sì ti gbọ́ kí oṣù náà tó parí. Kò sẹ́ni tó fún mi ní ilé yà mọ́. Àǹtí mi kúrò nínú ṣọ́ọ̀ṣì wọn, wọ́n bọ́ sí òmíràn. Mo lọ gba iṣẹ́ olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Mọ́níyà, mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní bí wọ́n ṣe ń di rúlà mú. Mi ò jiyàn pẹ̀lú ẹnikẹ́ni. Kì í ṣe pé mo jẹ́ ẹni rere. Èmi ni mo gbàgbé igi méjì, èmi ni mo gbọ́ ìbéèrè Bàbá tí mi ò na ọrùn wo bébà, èmi náà ni mo sì kúnlẹ̀ dúpẹ́ nígbà tó yẹ kí n di géètì mú kí n sọ pé ẹ má lọ. Ohun tí àwọn èèyàn ń sọ kò jẹ́ òtítọ́ tán, ṣùgbọ́n ó súnmọ́ ọn.

Lọ́dún tó kọjá, Màmá kú. Wọ́n ti darúgbó gan-an. Mo lọ síbi ìsìnkú náà, mo jókòó sẹ́yìn láàárín àwọn nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì. Irun orí mi ti funfun, kò sẹ́ni tó mọ̀ mí. Nígbà tí àwọn èèyàn ń túká, àkọ́bí wọn, tó ti òkè òkun dé, ń kí àwọn àlejò káàkiri. Ó jọ bàbá rẹ̀ débi pé mo di àga iwájú mi mú. Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó dúpẹ́ pé mo wá, ó bi mí bóyá mo mọ ìdílé wọn láti ìgbà Bódìjà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹ mọ ọmọbìnrin kan tó máa ń yàwòrán fún Dádì wa nígbà yẹn? Màmá ní bí a bá rí i, ká bá àwọn kí i. Wọ́n ní ká sọ pé àwọn dúpẹ́. Wọn ò sọ ìdí ẹ̀ fún wa."

Ọkàn mi sọ pé kí n wí i pé èmi ni.

"Mo mọ̀ ọ́n díẹ̀," ni mo wí.

Ó ní tí n bá rí i, kí n bá wọn jíṣẹ́ fún un. Mo ní màá jẹ́ ẹ. Àwọn kan pè é níbòmíì, ó lọ, èmi náà sì wá mọ́tò lọ sí Mọ́níyà. Láti ìgbà náà, bí iṣẹ́ bá ti tán, tí ilé bá dákẹ́, mo máa ń jókòó, mo máa ń gbìyànjú láti jẹ́ iṣẹ́ Màmá náà fún ara mi.